Ṣíbí Kan, Kó Tẹ́ Pẹrẹsẹ

Ní káńtíìnì ilé iṣẹ́ àwọn onípáànù, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí ìyá àti bàbá sọ obìnrin tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ mọ́. Ìyá Elééènì ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí ọ̀gá àgbà títí dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá bu ìrẹsì sínú àwo òṣìṣẹ́ kan tán, tó bu ọbẹ̀ lé e, tí onítọ̀hún ti fẹ́ máa lọ, ọwọ́ rẹ̀ á tún padà sínú ìkòkò, á sì ta díẹ̀ kún un. Kò ní wo ojú ẹni náà, kò sì ní dúró gba ọpẹ́. Àwọn tó tò sẹ́yìn mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣíbí ń dé àwo ẹnì kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé iṣẹ́, èkejì jẹ́ ti ìyá. Alábòójútó káńtíìnì bá a jà títí, ó ní lọ́jọ́ kan ọbẹ̀ ò ní kárí. Ọbẹ̀ ń kárí. Kí iná tó jó ni obìnrin yìí ti máa ń ro èènì mọ́ ohun tó fẹ́ sè, ó sì rẹ alábòójútó nígbà tó yá, òun náà gbé àwo tirẹ̀ wá.

Ilé ni èènì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí òun alára ò tíì ga tó ẹni tó ń dáná, ló bá di pé òun ló ń dáná fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ tí ehín ò tíì pé lẹ́nu. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ rójú rẹ̀. Ọmọ náà kì í ké, kì í sì í bẹ̀bẹ̀. Bó bá jẹun tán, ṣe ló máa ń fi ìka kan etí abọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, á wá dákẹ́, á máa wo ìkòkò. Ìkòkò lè ti gbẹ o, ẹ̀gbọ́n á ṣì wá nǹkan fi sí i: èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, èyí tó kù lára ṣíbí, tàbí ìdajì tirẹ̀. Kò fìgbà kankan sọ fún ọmọ yìí pé ó ti tó. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí ẹni gba ẹ̀sìn. Oúnjẹ ló fi tọ́ ọ, oúnjẹ náà ló fi jà á gbà lọ́wọ́ ibà àti ikọ́ àti gbogbo ohun tó ń pa ọmọ aláìníyàá.

Ọmọ náà dàgbà, ó di bíríkìlà. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, apá rẹ̀ tóbi tó itan ẹlòmíì. Ògiri-Ò-Wó ni wọ́n ń pè é lójú iṣẹ́. Kò tíì gbéyàwó. Ó ní òun ò tíì rí obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń padà sínú ìkòkò. Bó bá wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹun tán, á ṣì fi ìka kan abọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe rí fìrìgbọ̀n yẹn, àwọn méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Òun ló rẹ́ ògiri ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró tì í lọ́jọ́ náà, ó ń wò ó bó ṣe ń po símẹ́ńtì mọ́ iyanrìn, ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Lójú tirẹ̀, símẹ́ńtì náà kéré. Ó ní kó ta díẹ̀ sí i. Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, símẹ́ńtì kì í ṣe ọbẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ògiri á là." Ibi tó ti yíjú pé kó bu omi, obìnrin yìí ti da ṣọ́bìrì kan kún un. Kò pẹ́ tí ògiri náà fi là lóòótọ́, láti ẹ̀yìn sítóòfù lọ dé abẹ́ fèrèsé. Àbúrò wo ibi tó là, ó sì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ ẹni tó tọ́ òun dàgbà.

Ìṣó lásán ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ìṣó tó ti dógùn-ún lára pákó àlòkù gún àbúrò wọ àtẹ́lẹsẹ̀ láti abẹ́ bàtà. Ó fà á yọ, ó fi omi ṣan ojú ibẹ̀, ó sì padà sórí àkàbà. Ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù lérí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni yóò tìtorí ìṣó lọ jókòó sí ọsibítù? Kó tó mọ̀, ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún, ara rẹ̀ ń gbóná bí iná, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, oró ojú egbò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ti kárí ara. Wọ́n gbé e sí yàrá tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó láti ojú gíláàsì. Ó gbé fúláàsì ọbẹ̀ dání, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dunni, torí pé ó bọ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ẹbí ti lè wọlé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n sì fọ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀dì onírin ni, ó ní irin ìdènà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbọgbẹ́, kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè gbé nǹkan mì. Rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú rẹ̀ wọ inú ikùn, àpò oúnjẹ tó rí bíi wàrà rọ̀ sókè orí rẹ̀, ó ń kán tó, tó, tó. Wọ́n ti máa ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ìyá Elééènì wo rọ́bà náà, ó ronú pé ti àbúrò òun ò tilẹ̀ gba ọ̀fun mọ́.

Àmọ́ apá rẹ̀ ló já a láyà. Nígbà tí ara ọmọ yìí dá, bí èèyàn bá fi ọwọ́ méjèèjì di apá rẹ̀ mú, àwọn ìka ò ní pàdé. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo dì í mú níbi bẹ́ẹ̀dì yẹn, díẹ̀ ló kù kí àtàǹpàkò rẹ̀ kan ìka àárín. Nígbà tó yá, wọ́n kan ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan gun orí èkejì. Ojoojúmọ́ tó bá ti dé, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn kó tó kí i: á di apá rẹ̀ mú, á wo ìka ara rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń bójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn tí àìsàn wọn le. Àǹtí Oúnjẹ ni wọ́n ń pè é. Òun alára tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, Ìyá Elééènì sì bi nọ́ọ̀sì pé ta ló gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ Àǹtí náà ní sùúrù. Ó fa àga jókòó, ó sì là á yé e pé bí àìsàn bá le tó báyìí, ara kì í dúró de oúnjẹ, ṣe ló máa ń tú ẹran ara rẹ̀ jẹ kó lè rí nǹkan fi bá àìsàn jà. Ó ní ẹran àti ẹyin àti ẹ̀wà tí à ń jẹ, bó bá dénú, ara á tú u palẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní amínò ásíìdì, òun náà lara fi ń mọ ẹran tuntun bí wọ́n ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọlé. Ó gbé agolo kan síta, ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn búlọ́ọ̀kù náà nìyí, èyí tó máa ń tètè tán lára ẹni tí àìsàn dá wó, àwọn dókítà sì ti fẹnu kò pé kí wọ́n fún un wò.

Ìyá Elééènì tọ́ ọ wò. Kò níyọ̀, kò ní òórùn, ó dà bí ẹfun lẹ́nu. Àmọ́ ìgbà tó gbọ́ búlọ́ọ̀kù, inú rẹ̀ dùn. Ohun tó yé àbúrò òun nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ò pọ̀, bẹ́ẹ̀dì pọ̀. Àǹtí Oúnjẹ rí bí obìnrin yìí ṣe ń fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó rí bó ṣe ń nu etí ife, ó sì ní kó máa po ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, nọ́ọ̀sì á wá máa fi síríńjì tì í wọ inú rọ́bà. Ó kọ́ ọ lójú ara rẹ̀. Ó ní, "Ṣíbí kan, Ìyá. Kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kúrò. Ẹ má jẹ́ kó lé o." Ìyá Elééènì ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bù ú, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, ó pò ó. Ọjọ́ kejì náà, bákan náà. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ tó ti ń padà sínú ìkòkò láti kékeré. Bó bá ti da ṣíbí náà sínú ife tán, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà lẹ́nu agolo. Lọ́jọ́ kan ọwọ́ náà padà wọlé kí òun tó mọ̀, ó ta díẹ̀ sí i. Ó wẹ̀yìn wò bóyá nọ́ọ̀sì rí i. Nọ́ọ̀sì ń bá aláìsàn mìíràn yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ó po ife náà, àlàáfíà kan sì wọ inú rẹ̀ tí kò tíì ní láti ìgbà tí ìṣó ti gún ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ìdajì ṣíbí. Nígbà tó yá, ó di odindi.

Ẹ má yára dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀yin náà ẹ dúró síbi bẹ́ẹ̀dì yẹn, kí ọmọ tí ẹ tọ́ máa yọ́ lójú yín, kí gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe láyé yìí jẹ́ kí ẹ fún èèyàn lóúnjẹ, kí wọ́n wá gbé agolo lé yín lọ́wọ́ kí wọ́n ní ó ti tó. Ta ni nínú wa tó lè gé e pẹrẹsẹ?

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tó di apá náà mú, tí àwọn ìka rẹ̀ ò pàdé. Ó tún un dì mú. Wọn ò pàdé. Apá náà ti kún, ọwọ́ náà ti kún, ojú pàápàá ti ń kún. Ẹkún ayọ̀ gbọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ní káńtíìnì lọ́jọ́ kejì, ó ń kọrin nídìí ìkòkò, èènì ọjọ́ náà sì ju èènì lọ. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó gbé àwo wá pé Ògiri-Ò-Wó ti ń sanra, wọ́n sì ń bá a dúpẹ́.

Dókítà wá yẹ aláìsàn wò níṣojú rẹ̀. Ìyá Elééènì sún mọ́ ọn, ó ní kó wo bí apá rẹ̀ ṣe kún. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó fi àtàǹpàkò tẹ apá náà, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ jìn sílẹ̀, kò sì padà sókè. Wọ́n jọ dúró wo kòtò kékeré náà. Dókítà wá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ẹran kọ́ nìyẹn, omi ni. Kíndìnrín rẹ̀ ti ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró, omi ò rí ọ̀nà gbà jáde, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ sì ti kún inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà, àmọ́ ó ti rẹ ọkàn rẹ̀ jù, kò lè gbé e. Ó ní kí wọ́n dá ìyẹ̀fun náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì dín oúnjẹ inú àpò kù.

Àǹtí Oúnjẹ ló wá gbé agolo. Ìyá Elééènì bi í pé kí ló dé tí wọ́n á fi gba búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ ń wó. Àǹtí náà ní búlọ́ọ̀kù nìkan kì í mọlé. Bí bíríkìlà inú ara bá ti dùbúlẹ̀ àìsàn, tí wọ́n ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lójoojúmọ́, ṣe ló máa dí ẹnu ọ̀nà, kíndìnrín ló sì máa ń ru àwókù rẹ̀ síta. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló gbé agolo náà nílẹ̀. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó tún dé e.

"Èmi ni," ni Ìyá Elééènì sọ. "Mò ń ta èènì sí i."

Àǹtí Oúnjẹ jókòó. Ó bi í bó ṣe pọ̀ tó àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Elééènì sì sọ ọ́ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé agolo lé itan, kò pariwo. Ó ní òun náà lẹ́bi, òun ló yẹ kóun máa bù ú. Ó ní òun máa sọ fún dókítà.

"Ṣé èmi ni mo ṣe é?" Ìyá Elééènì bi í. "Ẹ sọ fún mi."

Àǹtí Oúnjẹ dá a lóhùn. "Mi ò mọ̀, Ìyá. Kíndìnrín yẹn ti ń ṣàárẹ̀ kí ìyẹ̀fun tó dé. Ẹ̀yin dá kún ẹrù ẹ̀. Bóyá ẹrù yẹn ló wó o, bóyá ì bá wó bẹ́ẹ̀ náà, mi ò mọ̀. Ṣíbí kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ pàápàá, àwa tó kọ́ ọ níwèé ṣì ń bára wa jiyàn lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé mo lè sọ pé ẹ̀yin kọ́, ǹ bá ti sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn fún un. Ká ní wọ́n pe ọlọ́pàá, ì bá tẹ̀ lé wọn. Ìdájọ́ ló ń wá, kò sì rí ẹni dá a. Ó padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ ilé ìdáná, ó sì rí ibi tí ògiri ti là lẹ́yìn sítóòfù. Ó ti ń rí i láti ọjọ́ yìí wá kò sì já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Kò lè dáná níbẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò òfìfo lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí iṣẹ́ kankan tó kù fún un ní wọ́ọ̀dù. Ó ń jókòó. Ó máa nu ojú àbúrò rẹ̀, ó máa tún aṣọ rẹ̀ tò, ó máa wo oúnjẹ tó ń kán nínú àpò, tó ti falẹ̀ débi pé bí èèyàn bá wo ọ̀kan tó kán, á ti ro nǹkan púpọ̀ kí òmíràn tó kán. Ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lórí itan rẹ̀. Kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ sí bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà la ojú, ojú rẹ̀ sì mọ́. Ó wo àjà, ó wo àpò tó rọ̀ sókè, ó wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dá a mọ̀. Ètè rẹ̀ mì, ohùn ò jáde. Ó wá gbé ìka kan tó ti wú, ó fi kan irin bẹ́ẹ̀dì.

Kó. Kó.

Nọ́ọ̀sì sáré wá, ó ń bi í bóyá ibì kan ń dùn ún. "Kò sí ibi tó ń dùn ún," ni Ìyá Elééènì wí. "Èènì ló ń tọrọ." Nọ́ọ̀sì rò pé àdúrà ló ń gbà, ó tún ìrọ̀rí ṣe, ó sì lọ.

Ọkùnrin náà ń wò ó, bó ṣe máa ń wo ìkòkò nígbà náà. Obìnrin náà wo síǹkì, ó wo tábìlì kékeré níbi tí agolo máa ń wà. Omi pàápàá, wọ́n ti sọ ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ń fún gbogbo ilé iṣẹ́ lóúnjẹ ò ní ẹ̀kán kan tó lè fi sí ọmọ yìí lẹ́nu. Ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ sì tún ń bà á. Ó fi wọ́n sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

"Ó ti tó, àbúrò mi," ló sọ. "Ó ti tó."

Ọkùnrin náà ò kan irin mọ́. Ó wò ó díẹ̀ sí i, ó fa ìka rẹ̀ wọ abẹ́ aṣọ, ó sì di ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún débi pé ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú sí ògiri. Kí wọ́n tó gbá wọ́ọ̀dù tán lọ́jọ́ kejì, ó ti kú.

Wọ́n sin ín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ní ó gbìyànjú, wọ́n ní kò sí ohun tí kò fi tọ́jú rẹ̀. Ó ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbìyànjú láti sọ ti agolo fún ẹnì kan, ẹni náà ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé oúnjẹ kì í pa èèyàn. Kò sọ ọ́ fún ẹlòmíì mọ́.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tò bí wọ́n ti máa ń tò, àmọ́ wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń gé páànù ló wà níwájú. Ìyá Elééènì bu ìrẹsì fún un, ó bu ọbẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ò lọ. Kò bèèrè nǹkan kan, ó kàn ń dúró ni, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń dúró. Ọwọ́ Ìyá Elééènì padà sínú ìkòkò. Ó bù ú, ó gbé e sókè, ṣíbí náà sì dúró láàárín ìkòkò àti àwo. Kò lè dà á, kò lè dá a padà. Ọbẹ̀ ń kán sórí tábìlì. Alábòójútó náà dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ gbé àwo rẹ̀ sókè, títí ó fi kan ìdí ṣíbí, ó sì dì í mú síbẹ̀.